Bí Àga Daddy Ṣe Ń Ga Sí I

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a gun ibi tí a kò ní lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àdúrà yìí kò kan òun, kó fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe àga méjìlá fún Ìjọ Àkàsọ̀ Ògo.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn Harrow Manorway ní London ni ìjọ náà wà, níbi tí afẹ́fẹ́ odò ti máa ń gbá ilẹ̀kùn irin bí ẹni pé òun náà fẹ́ wọlé wá jẹ́rìí. Pásítọ̀ Wọlé, tí gbogbo wọn ń pè ní Daddy, ló dá a sílẹ̀. Bí Daddy bá gbé máìkì tó ní "Àkàsọ̀," gbogbo ìjọ á dáhùn pé "A ń gùn ún." Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, ì báà jẹ́ nínú ìjọ, ì báà jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ nídìí ẹran ní ọjà Woolwich.

Mummy Felicia wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ ló ń dì mú fún àwọn tó ń gùn ún. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ó ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọ bàtà fún wọn, títí orúnkún òun fúnra rẹ̀ fi yarí. Bó bá kúrò níbẹ̀, á gba ìjọ lọ láti lọ nu ilẹ̀. Kí wọ́n tó ní kápẹ́ẹ̀tì, òun ló ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ sìmẹ́ńtì ilé ìkẹ́rùsí yẹn títí òórùn epo ọkọ̀ fi kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń di díákónẹ́ẹ̀sì, òun ló ń se ìrẹsì ayẹyẹ wọn. Ọdún yìí ni wọ́n tó ní ó kan òun náà. Wọn yóò ta òróró sí i lórí, yóò sì jókòó lórí pẹpẹ, sórí àga kejìlá.

"Mojọlá, àga ni wọ́n fẹ́ fún mi," ó wí fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn dé. "Mo ti nu ẹsẹ̀ àga tó. Ó kù kí n jókòó."

Mojọláolúwa yìí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni iṣẹ́ àga náà sì bọ́ sí lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ Teslim ní Woolwich ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni Teslim, oníṣẹ́ àga tó mọ igi bí ìyá ti ń mọ igbe ọmọ, tó máa ń kírun láàárín pákó, tí èérún igi á sì bá a dìde lórí orúnkún ṣòkòtò. Mojọlá ló ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà fún un. Ẹ̀rọ agégi á wá gé e bó ṣe yà á gẹ́lẹ́. Elder Ṣògo, olórí ìgbìmọ̀ pẹpẹ, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Takisí ni Elder Ṣògo ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń jẹ́ iṣẹ́ Daddy, á máa rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya fídíò rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Mojọlá. Bó bá wọ yàrá tí àgbà mẹ́ta jókòó sí, ẹni tó dàgbà jù ni á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. Bó bá ń bu oúnjẹ, abọ́ àgbà ló ń kọ́kọ́ bù. Nítorí náà, nígbà tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ya àga méjìlá, àga Daddy ló kọ́kọ́ yà. Kò tilẹ̀ rò ó. Ta ni yóò ya àga ọmọ ẹ̀yìn kó tó ya ti olórí?

Kọ̀ǹpútà náà sì ní ọgbọ́n kan. Ẹni tó bá fẹ́ ohun méjìlá tó jọra kò níí jókòó máa ya méjìlá. Ẹyọ kan ló máa yà, á wá ní kí ẹ̀rọ tún un ṣe ní ìlà títí yóò fi pé. Pattern ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni irúgbìn. Gbogbo àwọn yòókù ń wo ojú rẹ̀. Bí o bá gbẹ́ ihò sí ara àkọ́kọ́, ihò á yọ lára gbogbo wọn. Bí o bá kùn ún ní pupa, pupa ni gbogbo wọn. Àwọn mọ́kànlá kò ní ìmọ̀ràn kankan ti ara wọn.

Teslim kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó rí i, ó dúró.

"Mojọlá, àga ta lo fi ṣe irúgbìn?"

"Ti Daddy ni, Uncle."

"Ti Daddy kẹ̀? O ò bá fi ti ọmọ ẹ̀yìn ṣe é, kí o wá dá ti bàbá yẹn yà lọ́tọ̀. Ọba kì í bá ará ìlú tò."

"Uncle, ẹ ò mọ̀ wọ́n ni. Wọ́n á wá wò ó. Wọ́n á béèrè ẹni tó ṣáájú."

"Nínú kọ̀ǹpútà?"

"Níbi gbogbo."

Teslim rẹ́rìn-ín, ó gba ibi pákó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló ṣẹ. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Daddy dé pẹ̀lú Elder Ṣògo àti àwọn àgbà mélòó kan. Wọ́n dúró yí ojú kọ̀ǹpútà ká bí ẹni tó wá wo ọmọ tuntun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, orúkọ gbogbo ohun tí Mojọlá ti yà tò láti òkè wá sísàlẹ̀. Elder Ṣògo wọ jígí rẹ̀, kò wo àga rárá, orúkọ yẹn ló ń wò.

"Ta ló wà lókè pátápátá yẹn?"

"Àga Daddy ni, sà. Òun ni mo kọ́kọ́ yà."

"Ìyá ẹ tọ́ ẹ dáadáa."

Mojọlá yíjú wo Teslim. Teslim ń fi sáńdípépà ra igi, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọmọ náà wá ṣàlàyé fún wọn bí pattern ṣe ń ṣiṣẹ́, pé ti Daddy nìkan ni àwòrán gidi, pé ojú rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó kù ń wò. Daddy gbé ọwọ́ sókè.

"Tún ìyẹn sọ, ọmọ mi."

Ó tún un sọ.

"Ẹ gbọ́," Daddy ní. "Kọ̀ǹpútà ò lọ Sunday School, ó sì mọ orí yàtọ̀ sí ìrù."

Ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi ti dé nìyẹn. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni Daddy fi wàásù lórí pattern. Ó ní òun ni irúgbìn, ìjọ ni ìlà. Ó ní ẹni tó bá ń wá àyípadà nínú ayé rẹ̀, kó lọ wo ẹni tó ń wò. Àwọn èèyàn kọ ọ́ sílẹ̀. Mummy Felicia náà ṣe àmín, ó ń fọwọ́ ra orúnkún lábẹ́ bẹ́ńṣì.

Ẹni tó bá ń sọ òwe fún ayé gbọ́, kó fi díẹ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìwàásù yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yí padà wá bá Daddy lórí ibùsùn. Nígbà tó máa fi pa dà dé Woolwich, ojú rẹ̀ ti le.

"Mojọláolúwa. Gbogbo àwọn yẹn ń wo ojú mi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó wá túmọ̀ sí pé àga Ṣògo ga tó tèmi."

"Bákan náà ni wọ́n rí, sà."

Elder Ṣògo ń wo òrùlé.

"Ìka ò dọ́gba," Daddy ní. "Ọlọ́run tó dá wa ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Gbé tèmi sókè díẹ̀."

Mojọlá yí nọ́ńbà ẹsẹ̀ àga náà padà, ó tẹ bọ́tìnnì. Àga Daddy dìde. Lójú ẹsẹ̀ náà, àwọn mọ́kànlá yòókù bá a dìde, bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà wọlé bá.

Daddy sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Ta ló ní kí wọ́n dìde?"

"Tiyín ni wọ́n ń wò, sà. Ohun tó bá ṣe yín ló ń ṣe wọ́n."

"Sọ fún wọn kí wọ́n jókòó."

"Wọn ò lè jókòó, sà, àfi tí ẹ̀yin náà bá jókòó."

Teslim wúkọ́. Daddy yíjú wò ó, ó ní, "Alfa, ẹ pẹ̀lẹ́." Teslim ní eruku igi ni.

Ojú ti Mojọlá. Ó ti wá yé e pé àpọ́nlé tó ṣe fún àgbà ló so àgbà náà mọ́ àwọn tó kù bí ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ó ní, "Daddy, ó rọrùn. Ẹ jẹ́ kí n yọ tiyín kúrò nínú ìlà, kí n wá dá tiyín yà."

"Kí o yọ ta?" Elder Ṣògo ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Àga ni mo ní o, sà. Ẹ wò ó." Ó tẹ àga Daddy, ó pa á rẹ́. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, gbogbo àga méjìlá ti pòórá, ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú bí ilẹ̀ tí yìnyín bò.

Daddy fi ọwọ́ lé àyà.

"Ọmọ yìí, dá Daddy padà," ni Elder Ṣògo wí.

Mojọlá dá a padà. Gbogbo wọn sì padà.

"Ẹ ti rí i," Daddy ní. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Láìsí mi, kò sí ẹnikẹ́ni."

"Ọ̀nà kan ṣì wà, sà," Mojọlá tún gbìyànjú. "Mo lè fi ti ẹlòmíì ṣe àkọ́kọ́. Ká ní ti Elder Ṣògo, kí tiyín wá wà níbi tó bá wù yín."

"Kí n wá máa wo ojú Ṣògo?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Daddy," Elder Ṣògo ní, ṣùgbọ́n kò yára wí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé tí èrò kan fi sọ sí Elder Ṣògo lọ́kàn, bí ẹni tó rí àyè tí yóò gba takisí rẹ̀. Ó wo àga Daddy tó ga. Ó wo àga tirẹ̀, tó ga bákan náà, láìjẹ́ pé òun bẹ ẹnikẹ́ni, láìjẹ́ pé wọ́n lè ní òun ṣe ìgbéraga. Ó ṣí fìlà. Ilé akígbe-ọba ni wọ́n ti bí i nílé, ẹnu rẹ̀ kò sì gbàgbé:

"Wọlé, ọmọ agbórí-òkè-bá-àwọsánmà-sọ̀rọ̀,
Ìrókò tó ń fojú di òrùlé,
Òkè tí a wò títí tí fìlà fi já bọ́ lórí.
Ẹyẹ tó bà sísàlẹ̀ ló ń jẹ òkò ọmọdé,
Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń sọ̀kò bá.
Má wo ẹ̀yìn, má wo wa,
Gòkè, kí àwa tí a so mọ́ ọ rí ọ̀nà gbà.

"Daddy, ẹ ṣì kéré," ó fi parí ọ̀rọ̀. "Tí mo bá parọ́, ẹ bi àwọn tó kù."

Wọ́n bi àwọn tó kù. Gbogbo wọn ló ní Daddy ṣì kéré. Àgbà kan ní òun lálàá rí orí Daddy láàárín ìkùukùu, òun kò sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mojọlá tún gbé àga sókè. Gbogbo wọn bá a gòkè, wọ́n sì yin Olúwa. Nígbà tí Daddy bá rojọ́ pé àwọn tó kù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, wọ́n á ní ìdí rèé tó fi yẹ kó tún ga sí i, kí àlàfo lè wà. Ó ga sí i. Àlàfo kò wà. Wọ́n tún ní kó ga sí i.

Teslim ju sáńdípépà sílẹ̀ níkẹyìn. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Nínú àwòrán yìí, ẹsẹ̀ èèyàn dà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe?"

"Àga ni, sà. Wọ́n á jókòó sí i."

"Alfa, ìgbàgbọ́ kì í fẹsẹ̀ rìn."

"Kò burú," Teslim ní. "Ohun tí oníbàárà bá fẹ́ ni ẹ̀rọ tèmi ń gé."

Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kọrin gíga yìí, ojú Mojọlá kò kúrò ní ìparí ìlà. Àga kejìlá wà níbẹ̀, ti ìyá rẹ̀, tó ń gòkè pẹ̀lú àwọn tó kù láìsí ẹni tó béèrè bóyá ó fẹ́. Orúnkún tí kò lè gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì láìdi irin mú, báwo ni yóò ṣe gun ìyẹn níwájú gbogbo ìjọ?

Nígbà tó délé ní àdúgbò Moorings, ìyá rẹ̀ jókòó ní kíṣínì, ó gbé ike omi gbígbóná lé orúnkún.

"Mummy, ẹ jẹ́ kí n wọn ẹsẹ̀ yín."

"Nítorí kí ni? Pósí lo fẹ́ kàn?"

"Àga ni o. Wọ́n ti gbé e ga jù. Kò ní í ṣeé jókòó sí fún yín."

Mummy Felicia gbé ike omi sílẹ̀. "Mojọlá, gbọ́ mi dáadáa. Má bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá gbé àga mi sórí òrùlé, màá gùn ún. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ọmọ Felicia ló da ọ̀rọ̀ rú, kí wọ́n wá ní kó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti gbọ́ ọdún tó ń bọ̀ tó."

"Ṣé orúnkún yín á gùn ún?"

"Orúnkún mi ò sí nínú ìgbìmọ̀."

Síbẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Mojọlá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé kọ̀rọ̀ orúnkún. Ìyá ń ṣàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ọmọ ń ronú. Kọ̀ǹpútà yẹn gbà kí èèyàn fo ẹyọ kan nínú ìlà. Irúgbìn nìkan ni kò ṣeé yọ. Ọmọ ẹ̀yìn ṣeé yọ, àwọn tó kù kò tilẹ̀ ní í mọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fo àga kejìlá. Ó dá ti ìyá rẹ̀ yà, ó fi í sí ìparí ìlà, kò so ó mọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ wá buwọ́ lu iṣẹ́, Mojọlá ṣí àwòrán náà fún wọn. Bí wọ́n bá bínú, ìyá rẹ̀ ni yóò san án.

Daddy nàka. "Ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Màámi ni, sà. Nítorí orúnkún wọn."

Daddy sún mọ́ ọn. Ó wo àga kékeré yẹn, ó wo tirẹ̀, ó tún wo àga kékeré. Ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ bàtà tó há lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ti ń gòkè tí kò rí ẹnìkan tí òun ga jù. Ọlọ́run ti wá pèsè ẹni tó wà nísàlẹ̀.

"Mummy Felicia," ó ní. "Obìnrin onírẹ̀lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Inú Elder Ṣògo náà dùn, nítorí ẹni tó kéré sí Daddy kéré sí òun pẹ̀lú. "Ṣé kò ṣeé túbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ni?" ó bi Mojọlá.

"Ibi tí ẹsẹ̀ wọn dé nìyẹn, sà."

Wọ́n buwọ́ lù ú. Ẹ̀rọ gé e. Teslim kan án, ó kùn ún, ó fi aṣọ funfun bo gbogbo rẹ̀ nítorí Elder Ṣògo ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tó rí ògo náà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ká aṣọ kúrò, ìjọ sì mí kanlẹ̀. Àga mọ́kànlá dúró bí igi ọ̀pẹ. Àwọn àgbà wò wọ́n, wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó lè ní ó ga jù, nítorí gbogbo wọn ló ti fẹnu ara wọn ní ó kéré. Àwọn alámòójútó èrò wá sáré lọ gbé àkàsọ̀ irin tí wọ́n fi ń pààrọ̀ gílóòbù. Daddy ló kọ́kọ́ gùn ún, dùùrù ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Elder Ṣògo tẹ̀lé e. Nígbà tí gbogbo wọn gùn tán, wọ́n gbé àkàsọ̀ náà sẹ́yìn kọ́tìnnì, kó má baà ba fídíò jẹ́.

Ẹsẹ̀ wọn kò kan nǹkan kan. Ẹsẹ̀ méjìlélógún rọ̀ dirodiro nínú bàtà dídán, bí ti àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé jókòó lọ́dọ̀ agẹrun.

Mummy Felicia wọlé nínú aṣọ funfun, ó di apá Mojọlá mú. Ó dé ìdí àga tirẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó yí padà, ó jókòó. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀ tó ti ń nù láti ọjọ́ yìí. Ó mí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ṣẹ́jú fún un.

Ó ku kí Daddy sọ̀ kalẹ̀ wá ta òróró sí i lórí. Daddy wo ilẹ̀. Ilẹ̀ jìnnà. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó fà á padà. Ó rọra wí fún àwọn alámòójútó èrò pé kí wọ́n gbé ohun tí òun fi gun àga wá, ṣùgbọ́n máìkì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àkàsọ̀," ó ní.

"A ń gùn ún," gbogbo ìjọ dáhùn.

"Rárá. Mo ní, àkàsọ̀."

"A ń gùn ún," wọ́n dá a lóhùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Onídùùrù sì tẹ̀ ẹ́.

Mummy Felicia ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ojú àgbà tó wà létí ibùsùn gíga tó ń tijú láti pe èèyàn ni. Ó dìde. Ó gbé ìgò òróró lórí tábìlì, ó rìn lọ sí ìdí àga Daddy, ó na ìgò náà sí i lókè, ó sì tẹrí ba. Daddy tẹ̀ síwájú láti ta òróró sí i. Bó ṣe tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yọ, ó ré bọ́, ó dún pòò lórí pẹpẹ.

Obìnrin náà kò tilẹ̀ dúró rò ó. Òróró ń ṣàn lójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó mú bàtà náà, ó fọwọ́ kan gbé gìgísẹ̀ Daddy, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ ní ibi iṣẹ́, lójoojúmọ́ ayé:

"Ẹ na ìka ẹsẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má fòyà, mo ti dì yín mú. Well done, darling."

Máìkì gbé e dé ẹ̀yìn ìjọ. Àwọn akọrin fi ìwé orin bojú. Ikọ́ bo ilé ìkẹ́rùsí náà bí ìgbà tí otútù bá jà. Daddy ní, "Ẹ ṣé, mà." Mummy Felicia padà sórí àga rẹ̀, ó jókòó. Wọ́n ti ta òróró sí i lórí. Kò sí ẹni tó tún lè ní kó di ọdún tó ń bọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, fóònù Teslim kò sinmi. Àwọn àgbà ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé kó bá àwọn gé ẹsẹ̀ àga, ṣùgbọ́n kó má jẹ̀ẹ́ kí tàwọn kọ́kọ́ kúrú. Elder Ṣògo ní kí wọ́n gé ti Daddy ná. Daddy ní bí wọ́n bá gé tòun ná, àwọn yòókù á ga ju òun lọ, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, òun kò sì ní í fara mọ́ ìṣọ̀tẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti kọ̀ǹpútà.

"Igi ni, Daddy," Teslim ní. "Igi kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ ti ilẹ̀kùn ìjọ, kí ẹ má wá títí di Sunday. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ ò ní í mọ èyí tó ṣáájú."

Gbogbo wọn gbà. Teslim wá pe Mojọlá. "Ya òmíràn. Kí ni irúgbìn lọ́tẹ̀ yìí?"

Mojọlá jókòó. Ó ṣí ìwé tuntun lójú kọ̀ǹpútà. Ó fa àga ìyá rẹ̀ wá, èyí tó fi téèpù wọ̀n ní kíṣínì, ó fi í sí òkè pátápátá, ó sì ní kí ẹ̀rọ tún un ṣe títí di méjìlá. Wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi adé kékeré kan sí ẹ̀yìn àga tó wà láàárín, lọ́tọ̀, níbi tí kò ti lè ran ẹnikẹ́ni.

Teslim wò ó lẹ́yìn rẹ̀. "Orúnkún Mummy Felicia."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan," Teslim ní, ó sì mú ayùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn àgbà méjìlá jókòó lórí pẹpẹ, gbogbo ẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Daddy dìde láìsí wàhálà, ó gbé máìkì. Ó ní Ẹ̀mí ti darí òun padà sórí ọ̀rọ̀ pattern. Ó ní kí ìjọ wo àga wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe bá ara wọn mu, kò sí èyí tó yàjú, nítorí pé ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wò.

"Àmín," ni Mummy Felicia wí, ó sì na orúnkún rẹ̀ síwájú díẹ̀.